Iná Tó Ń Ta Ọwọ́: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Ṣe Nílé àti Níbi Iṣẹ́ ní Ṣómolú àti Bàrígà

Nínú ọ̀pọ̀ ilé alájọgbé ní Bàrígà, fíríìjì kan wà tí àwọn ará ilé kì í fi ọwọ́ lásán ṣí. Wọ́n á ká etí aṣọ mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, tàbí kí wọ́n wá sílípáàsì wọ̀ kí wọ́n tó sún mọ́ ọn. Bí àlejò bá gbá a mú tó sì fi igbe fa ọwọ́ yọ, wọ́n á ní, “Ẹ má bínú, ó máa ń ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ ni,” bí ẹni ń sọ pé ajá ilé wa kàn ń gbó ni, kì í bunijẹ. Ní Ṣómolú, níbi tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti gba òpópónà kan mọ́ òmíràn, láti Shipeolu títí dé agbègbè Bajulaiye, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ nípa ẹ̀rọ tó ń gé bébà, nípa kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣètò káàdì ìgbéyàwó, àti nípa ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rá bo ẹ̀yìn ìwé. Ẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì ní Akọ́kà mọ̀ ọ́n, onígbàjámọ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń lọ aṣọ mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó kà á sí àìsàn mọ́. Ó ti di àṣà.

Àṣà náà ni orí ìwé yìí fẹ́ bá jà, ohun tí mo sì fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí ṣọ́ọ̀kì ṣe kéré tó kò sọ bí àléébù inú ẹ̀rọ tàbí inú ilé ṣe tó. Bàtà ẹsẹ̀ yín ló ń sọ, àti bí ọwọ́ yín ṣe gbẹ tó, àti ohun tí ẹ dúró lé. Ẹni tó bá ń fi bí iná ṣe ta á lára wọn ewu, òṣùwọ̀n tí kì í ṣe ti ọjà náà ló gbé dání. Tí a bá gba èyí, ohun tó kù láti ṣe á yí padà. A kò ní máa wá bàtà tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, ibi tí iná ti ń jò la ó máa wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí iná ṣe ń rìn. Wáyà méjì ló ń gbé iná wọlé láti orí òpó: ọ̀kan ń gbé e wá, èyí tó máa ń jẹ́ pupa nínú ilé àtijọ́ tó sì jẹ́ búráùn nínú wáyà tuntun, èkejì, dúdú tàbí búlúù, ń dá a padà, òun sì ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní nútírà. Níbi tiransifọ́ọ̀mà àdúgbò, wọ́n ti so nútírà yìí mọ́ ilẹ̀. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ tí ẹ dúró lé náà jẹ́ ọ̀nà tí iná lè gbà padà sílé. Bí irin tí ẹ fọwọ́ kàn bá ní iná lára, ara yín di wáyà. Iye iná tó gba inú ara kọjá ló ń pinnu ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ìdajì mílíáńpù sí ẹyọ kan ti tó kí ọwọ́ mọ̀ ọ́n lára. Tó bá tó nǹkan bíi 10, iṣan ọwọ́ á ká mọ́ irin náà, ẹni náà kò sì ní lè jù ú sílẹ̀. Tó bá kọjá 30 tí kò sì tètè kúrò, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n jìnnìjìnnì dípò kó máa lù. Charles Dalziel, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Berkeley, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn ibi tí agbára ènìyàn láti jù ú sílẹ̀ ti ń tán, òun náà ló sì ṣe bíréékà kan ní 1961 tó ń já nígbà tí iná bá ń jò. A ó padà sórí bíréékà náà.

Ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan. Agbára iná tó ń bọ̀ láti òpó jẹ́ 230 fólítì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, tó wọ sílípáàsì rọ́bà, tó dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì ọ̀rá, lè dènà iná tó 300,000 óòmù. Bí a bá pín 230 sí ọ̀nà 300,000, ohun tó máa gba ara rẹ̀ kọjá kò tó mílíáńpù kan. Á kàn ta á bí èèrà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ abọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń kán omi, tó fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí sìmẹ́ǹtì tútù, ìdènà ara rẹ̀ lè má ju 1,000 óòmù lọ. Ohun tó máa gba inú rẹ̀ kọjá jẹ́ 230 mílíáńpù. Fíríìjì kan náà ni, àléébù kan náà ni, iná kan náà ni. Ní àárọ̀ ó ta ìyá bí èèrà, ní alẹ́ ó lè pa ọmọ tó wá mú omi tútù. Ìyàtọ̀ tó tó ìlọ́po 300 yìí kò sí nínú fíríìjì rárá. Àwọn tó gbé ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ní 1964 síwájú ilé iṣẹ́ mànàmáná ní Marina mọ irú ọjà tí wọ́n ń tà. Àwa tí à ń fi etí aṣọ ká ọwọ́ ilẹ̀kùn la gbàgbé.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ń tani ló lè pani, ibi tí àríyànjiyàn sì ti máa ń wọlé nìyẹn. Àwọn kan á ní ara ènìyàn náà ní iná, pé ó máa ń ta nígbà míì bí a bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ tàbí bá ẹlòmíràn bọ ọwọ́. Irú iná bẹ́ẹ̀ wà. Bí nǹkan méjì bá ń fi ara gbo ara, bí aṣọ ọ̀rá àti àga, ó lè kó iná sí ara ènìyàn títí tó fi máa ga ju 3,000 fólítì lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ báyìí ni. Á ṣe “tá!” lẹ́ẹ̀kan, á sì tán. Àmọ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni irú iná yìí nílò, torí omi inú afẹ́fẹ́ máa ń gbé e sálọ kó tó pọ̀. Èkó ni ibí, etí ọ̀sà ni Bàrígà wà. Yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ọyẹ́ fi ń jà láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ wa tutù rin. Fíríìjì tó ń ṣọ́ọ̀kì nínú òjò oṣù Keje kò lè ti ọyẹ́ bọ̀. Àwọn òǹtẹ̀wé Ṣómolú nìkan ló ní àwíjàre díẹ̀ níbí: nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti fa omi inú afẹ́fẹ́ gbẹ, bébà àti ọ̀rá tó ń sáré gba inú ẹ̀rọ máa ń kó iná, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á sì ta ẹni tó ń kó wọn. Síbẹ̀, bébà ló yẹ kó ta ọwọ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ ara irin ẹ̀rọ náà ló ń ta, tó sì ń ta láìdáwọ́dúró, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn náà pín sí méjì, orí ìpín yìí sì ni gbogbo wàhálà wà. Àkọ́kọ́ ni ti kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n, ṣájà láàpútọ́ọ̀pù àti irú wọn. Nínú ibi tí wọ́n ti ń gba iná, àwọn tó ṣe wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi kapásítọ̀ kéékèèké sí i kí ariwo iná má baà da ẹ̀rọ mìíràn láàmú. Kapásítọ̀ wọ̀nyí máa ń jẹ́ kí iná díẹ̀ bọ́ sára irin tó bo ẹ̀rọ náà, nítorí àwọn tó ṣe é gbà pé wáyà kẹta, èyí tó nàró lórí pọ́lọ́ọ̀gì tí a ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, máa gbé e lọ sínú ilẹ̀. Nígbà tí ẹ́ẹ̀tì kò bá sí, irin náà á jókòó sórí nǹkan bíi ìdajì 230, ìyẹn 115 fólítì, yóò sì máa ta ẹ̀yìn ọwọ́ tó bá rọra gbà á lára. Iná yìí ní òdiwọ̀n: kapásítọ̀ kò lè jẹ́ kó kọjá bó ṣe mọ, ìlànà àgbáyé kò sì gbà kí èyí tó ń jò lára irú ẹ̀rọ ọ́fíìsì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ju 3.5 mílíáńpù lọ. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kò tó ẹyọ kan. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo, nígbà náà, lè bíni nínú, kì í pani.

Ṣùgbọ́n ta ló ń lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo? Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà Yunifásítì Èkó: kọ̀ǹpútà mẹ́jọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mẹ́ta, ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ńlá kan, gbogbo wọn lórí ẹkísténṣọ̀n tó gun orí ẹkísténṣọ̀n. Wáyà ẹ́ẹ̀tì inú ẹkísténṣọ̀n so ara irin gbogbo wọn pọ̀, àmọ́ ẹ́ẹ̀tì náà dé ògiri, kò rí ilẹ̀ kankan. Ohun tó ń jò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wá di àpapọ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń jo ẹyọ kan péré, méjìlá ti pé, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin kan nínú wọn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù ni gbogbo rẹ̀ máa gbà kọjá. Nǹkan bíi 10 ni mo sọ pé ọwọ́ kò ní lè jù ú sílẹ̀ mọ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò sí ẹ̀rọ kankan tó bàjẹ́. Bí ẹ bá gbé wọn lọ fún oníṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní kò sóhun tó ṣe wọ́n, òótọ́ ló sì sọ. Ilé ló bàjẹ́.

Ìkejì ni iná tó ń jò nítorí pé nǹkan ti jẹ. Wáyà áyọ́ọ̀nù tó máa ń ká mọ́ra níbi ọwọ́ ti là. Irin inú kẹ́tù tó ń se omi ti sán, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ fíríìjì ti gbó, aṣọ wáyà rẹ̀ ti jóná díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga lẹ́yìnkùlé Ìlàjẹ-Bàrígà jókòó sínú kùrukùru àti iyọ̀ ọ̀sà lọ́dún títí. Irin roboto tí à ń sọ sínú korobá láti fi gbóná omi ìwẹ̀, èyí tí mi ò mọ ìdí tí ilé kankan fi ṣì ń lò ó, wà nínú ìdílé yìí náà. Ìyàtọ̀ wọn sí kọ̀ǹpútà ni pé iná tiwọn kò ní òdiwọ̀n. Kò sí kapásítọ̀ tó máa sọ pé ó tó. Ohun kan ṣoṣo tó ń dín in kù ni ìdènà tó wà ní ara yín.

Ibi tí òṣùwọ̀n ọwọ́ ti ń tan ni jẹ nìyẹn. Ẹni tó wọ bàtà, tí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, bí ó bá fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà tí kò ní ẹ́ẹ̀tì, á gba bíi ìdajì mílíáńpù. Bí ó bá fọwọ́ kan fíríìjì tó ti jẹ, á gba bíi ìdajì mílíáńpù náà. Ọwọ́ kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Tẹ́stà onígílóòbù kékeré tí gbogbo ilé ní kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ bákan náà, torí ìwọ̀nba iná tó ń tàn án kéré débi pé á tàn fún méjèèjì. Ìgbà tí omi bá dé ni ìyàtọ̀ máa hàn, ìgbà yẹn sì ti pẹ́ jù. Nítorí náà, ẹ ka gbogbo irin tó bá ń ta láìdáwọ́dúró sí èyí tó ti jẹ, títí dìgbà tí ẹni tó ní irinṣẹ́ bá fi hàn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ wíwá rẹ̀ rọrùn. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì ohun tó ń ta náà kúrò lára ògiri. Ẹ má kàn pa súwíìṣì, torí wáyà kan ṣoṣo ni súwíìṣì ń gé, bí ẹni tó so sọ́kẹ́ẹ̀tì bá sì ti gbé wáyà méjèèjì fún ara wọn, nútírà lẹ ó gé, iná á ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ má tún fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ẹ rántí ohun tó ń ta ṣáájú: bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo nínú yàrá, tó sì ń ta ní sọ́kẹ́ẹ̀tì gbogbo, ẹ̀rọ náà ni ẹ máa gbé jáde. Bó bá jẹ́ gbogbo ohun onírin ló ń ta díẹ̀díẹ̀, ilé ni. Bó bá jẹ́ irin fèrèsé, ẹnu ẹ̀rọ omi tàbí ògiri tútù ló ń ta, tí kò sì dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ ti yọ gbogbo pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ pa bíréékà ńlá, ẹ jáde, kí ẹ sì pe oníṣẹ́ iná lọ́jọ́ náà, torí pé wáyà inú ògiri tàbí ilé ẹlòmíràn ló ń wọlé tọ̀ yín wá. Oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ á mú mẹ́gà wá, ẹ̀rọ tó ń fi 500 fólítì dán aṣọ wáyà wò. Ìdènà wáyà ilé kò gbọdọ̀ dín sí mílíọ̀nù kan óòmù. Ẹni tó bá fi tẹ́stà nìkan dé, tó ní kò sí nǹkan, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn.

Àwọn kan á takò mí pẹ̀lú ẹ̀rí tó lágbára lójú wọn: “Bí a bá tan jẹ́ńẹ́rétọ̀, kì í ṣọ́ọ̀kì. Ìgbà tí wọ́n bá mú iná wá ló ń ṣọ́ọ̀kì. Àwọn oníná ló jẹ̀bi, kì í ṣe fíríìjì wa.” Mo gbà pé ohun tí wọ́n rí, òótọ́ ni. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò tọ̀nà. Ọ̀pọ̀ jẹ́ńẹ́rétọ̀ kékeré tí à ń fà síta lálẹ́, kò sí ìkankan nínú wáyà rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀. Iná tó jò kò rí ọ̀nà gba inú ilẹ̀ padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ara yín kò sì di wáyà. Àléébù fíríìjì wà níbẹ̀ digbí, ó kàn ń dúró de àbọ̀ iná òpó ni. Ó tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀: bí ohun kejì bá tún jẹ nínú ilé náà, ní wáyà kejì, ẹni tó bá di méjèèjì mú máa gba gbogbo iná jẹ́ńẹ́rétọ̀, kò sì sí bíréékà tó máa mọ̀ pé ó ń lọ. Jẹ́ńẹ́rétọ̀ kò wo fíríìjì yín sàn, ó pa á lẹ́nu mọ́ ni.

Yíyí pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì padà náà wà lára irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà míì, torí ibi tó ti jẹ lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ nútírà, níbi tí iná kò ti ga. Lọ́jọ́ tí ọmọ ilé bá yọ ọ́ tó sì tún fi í sí i ní òdì, ṣọ́ọ̀kì ti padà. Àwọn mìíràn gbẹ́kẹ̀ lé fíúsì inú pọ́lọ́ọ̀gì. Fíúsì 13 áńpù túmọ̀ sí 13,000 mílíáńpù. 30 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í léwu fún ọkàn. Wáyà ni fíúsì ń dáàbò bò kó má gbiná, kò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ti pé “ọdún mẹ́wàá rèé, kò tíì pa ẹnikẹ́ni,” mo ti dáhùn ìyẹn nínú ìṣirò: ọdún mẹ́wàá tí ẹsẹ̀ yín fi gbẹ ni. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ì báà ti wà níbẹ̀ látàná.

Báwo ni ẹ́ẹ̀tì ṣe pòórá nínú ilé wa? Ní ilé tó ti pẹ́, wọ́n lè má ri irin rẹ̀ mọ́lẹ̀ rí. Níbi tó wà, ọwọ́ wa la fi ń sọ ọ́ nù. À ń gé ẹsẹ̀ gígùn orí pọ́lọ́ọ̀gì kúrò kó lè wọ ẹkísténṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú. À ń fi ìdérí bírò tẹ ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì kí pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn kékeré tó wà nínú ihò ìsàlẹ̀ náà, kí ọwọ́ ọmọdé má baà débẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Èyí tó burú jù ni ti oníṣẹ́ tí wọ́n pè torí ṣọ́ọ̀kì, tó wá fi wáyà kékeré so ojú ẹ́ẹ̀tì mọ́ nútírà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Títa náà á dúró lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sanwó fún un, inú gbogbo ènìyàn á dùn. Lọ́jọ́ tí nútírà bá já lórí òpó tàbí nídìí mítà, gbogbo ara irin ilé náà á di 230 fólítì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá sì ní nútírà já, àwọn kan á ri irin mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n á so wáyà dúdú mọ́ ọn kí gílóòbù lè tàn. Gílóòbù á tàn lóòótọ́, ilẹ̀ tó yí irin náà ká á sì gbà lára iná náà, títí kan ibi tí aládùúgbò ti ń fọ aṣọ. Nútírà tó já kí iná tó dé mítà, iṣẹ́ Ikeja Electric ni, àwọn tó gba àgbègbè wa lọ́wọ́ PHCN ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 2013. Ohun tó wà lẹ́yìn mítà, ti ilé ni.

Ìwòsàn rẹ̀ ní apá méjì, ọ̀kan kò sì tó láìsí ìkejì. Apá kìíní ni ẹ́ẹ̀tì tòótọ́: ọ̀pá bàbà tí wọ́n gbá wọnú ilẹ̀ títí dé ibi tó tutù, tí wáyà aláwọ̀ ewé òun ìyeyè so mọ́ gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bàrígà rí ojúure níbí, torí omi kò jìnnà sílẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ tútù sì ń gba iná dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ iná pọ̀ tó ń dúró síbẹ̀ yẹn, wọ́n á ní ó ti parí. Ẹ bá mi ṣírò ó. Bí ọ̀pá náà bá ní ìdènà 50 óòmù pẹ̀lú ilẹ̀, iná tó máa gba ibẹ̀ lọ nígbà tí fíríìjì bá jẹ pátápátá kò ju 4.6 áńpù lọ. Fíúsì 13 kò ní já láéláé, fíríìjì á sì máa jókòó pẹ̀lú iná lára, ọ̀pá á máa gbóná nínú ilẹ̀, mítà á máa ka owó. Ohun tó ń parí iṣẹ́ náà ni irú bíréékà tí Dalziel bẹ̀rẹ̀, tí àwọn tó ń tà á ní Alábà ń pè ní earth leakage. Ó ń wọn iná tó jáde lọ, ó ń wọn èyí tó padà; bí méjèèjì kò bá dọ́gba, tí ìyàtọ̀ wọn tó 30 mílíáńpù, á gé e láàárín ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ rí i pé 30mA ló wà lára rẹ̀. Àwọn ti 300mA tó wà lọ́jà wà fún dídènà ìjóná, kì í ṣe fún ẹ̀mí ènìyàn.

Fún ayálégbé tí onílé rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́, ìròyìn ayọ̀ kan wà: bíréékà yìí ń ṣiṣẹ́ lórí iná òpó bí ẹ́ẹ̀tì kò bá tiẹ̀ sí. Kò ní já kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, bó ṣe yẹ kó rí, ẹ ṣì máa gba gìrìrì kan, àmọ́ á já kó tó pani. Nítorí náà, bí ẹ kò bá lè mú onílé ri ọ̀pá, ẹ fi ọ̀kan sí ẹnu ibi tí iná ti wọ yàrá yín. Owó rẹ̀ kò tó owó fíríìjì tó ń ṣọ́ọ̀kì. Onílé á ní ẹ̀rọ yín ló bàjẹ́, ẹ̀yin á ní ilé rẹ̀ ni. Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 gbé àtúnṣe ìta ilé àti àwọn ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò lé onílé lórí, àyàfi bí àdéhùn bá sọ òmíràn, ọ̀pá kan tó ń sin gbogbo yàrá sì jọ ohun àjọlò lójú mi ju kẹ́tù ẹnì kan lọ. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí mẹ́gà dá ẹ̀rọ yín láre, kí ẹ tó lọ bá a. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé gbogbo, NEMSA, àjọ tí òfin gbé àyẹ̀wò iná mànàmáná lé lọ́wọ́, ló ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi oníṣẹ́ bóyá ó ní in.

Bí iná bá gbé ẹnì kan kí gbogbo èyí tó parí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pa bíréékà ńlá tàbí kí ẹ fa pọ́lọ́ọ̀gì yọ. Bí ẹ kò bá rí ibi tí ẹ máa pa á, ẹ fi igi gbígbẹ tàbí àga ike tì í kúrò, kí ẹ̀yin fúnra yín dúró lórí ohun gbígbẹ. Ẹ pe 112 tàbí 767, nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó. Bí kò bá mí mọ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé kíákíá, bí ọgọ́rùn-ún ìgbà sí ọgọ́fà ní ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ fi máa dé. Kódà bó bá dìde tó ní kò sóhun tó ṣe òun, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Lójú bíréékà tí ẹ rà, bọ́tìnì kékeré kan wà tí wọ́n kọ T sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, nígbà tí iná òpó bá wà, torí kò ní dáhùn nígbà tí kò bá sí iná. Ó gbọ́dọ̀ já lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá já, ó ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí àwọn oníbàárà tọ́jú iṣẹ́ wọn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ní ilé alájọgbé, ẹni tó ń bá onílé bójú tó ilé ni kó máa ṣe é, kó sì fi bírò kọ ọjọ́ tó tẹ̀ ẹ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ gbèsè iná sí.